RAM 2GB Lórí Dell Latitude E6400: OS Wo Ló Lè Sọ Ọ́ Di Ohun Tó Ṣeé Lò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo. Mo ní laptop Dell Latitude E6400 kan, tòkunbọ̀ ni: Core 2 Duo P8400, RAM 2GB, hard disk 160GB, Windows 7. Ó ti ń lọ́ra jù. Tí mo bá ṣí WhatsApp Web pẹ̀lú Word pọ̀, ó di kí n máa wò ó níran. Chrome náà ní òun kò lè gba àtúnṣe tuntun mọ́. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n jẹ́ kí òun fi "Windows 10 Lite" sí i, ẹlòmíràn ní Windows 11 ṣeé fi sí i, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Linux ni kí n lò. Iṣẹ́ mi kò ju kí n tẹ ìbéèrè ìdánwò, kí n ṣe máàkì àwọn ọmọ lórí Excel, WhatsApp Web, YouTube díẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé sì fi ṣe ìdánrawò JAMB. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n tètè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ẹ jẹ́ kí RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) di 4GB, ẹ yọ hard disk yẹn, kí ẹ fi SSD (disk tí kì í yí, tó yára ju hard disk lọ) rọ́pò ẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé MX Linux sí i, èyí tó ń lo Xfce (ojú iṣẹ́ tó fúyẹ́). Bí owó àwọn ohun èlò kò bá tíì sí, ẹ gbé antiX (Linux mìíràn tó tún fúyẹ́ jù ú lọ) sórí 2GB tó wà lọ́wọ́ yín, á ṣeé lò dé ìwọ̀n kan. "Windows 10 Lite" yẹn, ẹ má gbà á. Ẹ̀yà Windows 11 tó wà lóde báyìí ní tiẹ̀, kò tilẹ̀ lè tàn lórí laptop yẹn.

Kí ló ń jẹ RAM gan-an?

OS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows tàbí Linux) kọ́ ló ń jẹ RAM jù lórí irú laptop yìí. Browser ni. Windows 7 tí ẹ kò tíì ṣí nǹkan kan lórí ẹ̀ kì í sábà jẹ tó 1GB. Àmọ́ Chrome á ti gba bíi 300MB kí ẹ tó ṣí ojú ìwé kankan, WhatsApp Web nìkan á tún gba 300MB sókè, YouTube á gba tiẹ̀. Tí ẹ bá wá ṣí Word lé e, 2GB ti tán nìyẹn.

Nígbà tí RAM bá kún, kọ̀ǹpútà kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ kò lò lọ́wọ́ ló máa ń kó lọ sórí hard disk. Tí ẹ bá padà sí i, á kó o wá, á kó òmíràn lọ. Swap là ń pe ìyẹn. Hard disk tó ń yí bíi tiyín kò lè ṣe ju nǹkan bí 100 irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD tó pọ́ọ́kú jù lọ sì ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ wo iná kékeré tó wà fún hard disk lára laptop yín nígbà tó bá tún ń lọ́ra. Ẹ ó rí i pé kò pa rárá, àmì mouse á dúró sójú kan, bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta á wá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ lẹ́yìn náà. Processor kọ́ ló rẹ̀. Hard disk ló ń dúró dè.

Tí a bá wá yí OS padà láìfọwọ́ kan RAM àti hard disk, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a wá ń pa làpálàpá. OS tó fúyẹ́ dára, ṣùgbọ́n gbogbo àǹfààní ẹ̀ kò ju pé ó fi àyè sílẹ̀ fún browser. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé tí ẹ kò tíì ṣí ohunkóhun, antiX pẹ̀lú IceWM (ojú iṣẹ́ tó fúyẹ́ ju Xfce lọ) ń gba bíi 200MB. MX tó ń lo Fluxbox ń gba 400MB sí 500MB. MX tàbí Linux Mint tó ń lo Xfce ń gba bíi 700MB sí 800MB, Mint Cinnamon ń gba 1GB tàbí jù bẹ́ẹ̀, Windows 10 sì ń gba 1.5GB sókè. Lórí 2GB, ìyàtọ̀ tó wà láàárín antiX àti Mint Cinnamon ló ń sọ bóyá ẹ lè ṣí táàbù mẹ́ta tàbí ẹyọ kan. Lórí 4GB, ìyàtọ̀ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ni yín lára mọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń sọ RAM ṣáájú OS.

RAM àti SSD: ohun tí ẹ máa rà

DDR2 ni E6400 ń lò, SO-DIMM onípíìnì 200, tí wọ́n kọ PC2-6400 sí lára. Àyè méjì ló wà fún un. Ẹ ra 2GB méjì. Laptop náà lè gbà tó 8GB, ṣùgbọ́n DDR2 tó jẹ́ 4GB lẹ́yọ kan ti ṣọ̀wọ́n, owó tí wọ́n ń pè é kò sì yẹ laptop ọdún 2008. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra o: E6410 tó tẹ̀ lé e, DDR3 ló ń lò. Tí ẹ bá sọ fún ọlọ́jà pé "Dell Latitude àtijọ́" nìkan, ó lè kó DDR3 fún yín, kò sì ní wọlé, torí ibi tí wọ́n gé lára ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ yọ èyí tó wà nínú laptop, ẹ mú un dání lọ sọ́jà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi sí i, ẹ pa laptop, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù lè jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin kan kí ẹ tó fọwọ́ kan RAM. Ìdagẹ̀rẹ̀ la ti ń kì í wọlé: ẹ tì í títí ojú wúrà ẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi há a mọ́, ẹ ó gbọ́ ọ. Tí ẹ bá tan laptop tí ó kàn ń ṣẹ́ iná tí àwòrán kò jáde, lọ́pọ̀ ìgbà RAM ni kò wọlé tán. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ nu ojú wúrà yẹn, kí ẹ tún un fi sí i.

RAM àlòkù lẹ ó rí, ì báà jẹ́ ní Òṣogbo tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà. Nítorí náà ẹ dán an wò kí ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà tó kọjá. Memtest86+ wà nínú àwọn àṣàyàn tó ń jáde tí ẹ bá fi flash tí ẹ kọ MX tàbí antiX sí (mo ṣàlàyé ẹ̀ nísàlẹ̀) tan laptop. Ẹ jẹ́ kó yí ká lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Ìlà pupa kan ṣoṣo ti tó láti dá RAM náà padà, torí RAM tó bàjẹ́ á máa ba fáìlì jẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ó sì rò pé OS ló burú.

SSD tó yẹ yín ni SATA 2.5 inch, 120GB sì ti tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta M.2 tàbí NVMe fún yín, kò sí ibi tí ẹ máa fi sí. SATA II ni laptop yìí ń lò, 3Gb/s ni òpin ẹ̀, nítorí náà SSD olówó ńlá kò ní fi nǹkan kan kún un. Ayédèrú ni kí ẹ bẹ̀rù, pàápàá èyí tí wọ́n kọ 1TB sí lára tí owó ẹ̀ sì kéré sí ti 240GB. Lórí Linux, `f3write` àti `f3read` tó wà nínú package `f3` á kọ nǹkan kún un dé etí, á sì kà á padà. Ayédèrú kì í la ìyẹn já.

Tí hard disk 160GB yẹn náà lẹ ṣì máa lò, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ara ẹ̀ le. Láti orí flash, ẹ tẹ `sudo smartctl -a /dev/sda`, kí ẹ wo ìlà Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector. Tí nọ́ńbà tó wà ní ìparí ìlà kejì kì í bá ṣe 0, hard disk yẹn ti ń kú lọ. Kò sí OS tó lè gbà á là.

Windows Lite, Windows 11 àti àwọn tó kù

Láti ẹ̀yà 24H2 ni Windows 11 ti ń béèrè fún SSE4.2 àti POPCNT, ìyẹn àwọn àṣẹ kan tí wọ́n kọ́ mọ́ inú processor. P8400 kò ní wọn. Kì í ṣe òfin Microsoft tí ẹnì kan lè fi ọgbọ́n yẹ̀ bíi ti TPM (ohun èlò ààbò tí Windows 11 ń béèrè): ẹ̀yà yẹn kò ní tàn rárá ni. Ẹni tó bá sọ pé òun fi Windows 11 sí Core 2 Duo, ẹ̀yà àtijọ́ tí wọn kò tún ṣe mọ́ ló fi sí i.

Windows 10 fúnra ẹ̀, àtúnṣe ọ̀fẹ́ ẹ̀ parí ní 14 October 2025. Èyí tí wọ́n ń pè ní "Lite" jẹ́ Windows tí ẹnì kan tí a kò mọ̀ ti tú, tó yọ Defender (ohun tó ń gbógun ti kòkòrò kọ̀ǹpútà) kúrò, tó pa Windows Update, tó wá dì í padà. Bóyá ó fi nǹkan mìíràn kún un, ta ni yóò mọ̀? WhatsApp yín á wà lórí ẹ̀, máàkì àwọn ọmọ á wà lórí ẹ̀, ẹ sì lè fi wọlé sí báńkì lọ́jọ́ kan. Gbogbo ewu yẹn, tìtorí bíi 500MB tó dín kù, tí browser á jẹ padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

ChromeOS Flex ti Google máa ń dùn-ún gbọ́. Ó ń béèrè 4GB, Google náà sì ti kìlọ̀ pé processor tàbí ohun èlò àwòrán tí wọ́n ṣe kí ó tó di 2010 lè má bá a mu. Tiyín wà nínú wọn. Lubuntu àti Linux Mint Xfce kò burú lórí 4GB. MX ni mo yàn nítorí pé àwọn irinṣẹ́ ẹ̀ fún Wi-Fi, fún ẹ̀dà pípamọ́ àti fún gbígbé package wọlé rọrùn fún ẹni tó ń bọ̀ láti Windows. Puppy Linux wúlò fún laptop tí hard disk ẹ̀ ti kú pátápátá, torí orí flash ló ti ń ṣiṣẹ́, tó sì ń kó ara ẹ̀ sínú RAM. Ṣùgbọ́n bíi root (ẹni tó láṣẹ lórí ohun gbogbo nínú kọ̀ǹpútà) ló ń ṣe gbogbo nǹkan, mi ò ní gbé e fún ilé tí àwọn ọmọdé ti ń lo kọ̀ǹpútà.

64-bit ni kí ẹ gbé, torí P8400 gbà á. Kí ẹni tó ní HP Mini tàbí Acer Aspire One oní-Atom N270 má ṣe tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi lórí MX o, 32-bit nìkan ni processor yẹn. MX 25 dúró lórí Debian 13 (Linux tí wọ́n fi ṣe é), Debian 13 kò sì ní ohun tí a fi ń gbé e sórí 32-bit mọ́. antiX 23, tó dúró lórí Debian 12, ṣì ní ti 32-bit. Browser ni ìṣòro: Chrome ti fi Linux 32-bit sílẹ̀ láti 2016, Firefox náà sì dúró ní ẹ̀yà 144. Kí irú laptop kékeré bẹ́ẹ̀ di ohun ìtẹ̀wé àti ohun tí a fi ń ka PDF, ìyẹn ló yẹ ẹ́.

Bí ẹ ṣe máa gbé e sí i

Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín jáde. Tí SSD tuntun lẹ bá rà, iṣẹ́ dín kù, torí hard disk àtijọ́ á jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀.

ISO MX (fáìlì tí gbogbo MX wà nínú ẹ̀) lé ní 2GB, nítorí náà ẹ fi torrent gbà á tàbí ohun tó lè tẹ̀ síwájú níbi tí dátà ti já. Kí ẹ tó kọ ọ́ sórí flash, ẹ wò ó bóyá ó pé. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ `certutil -hashfile`, orúkọ fáìlì náà, àti `SHA256`, kí ẹ fi nọ́ńbà tó jáde wé èyí tó wà níbi tí ẹ ti dáwúnlóòdù ẹ̀. Tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, fáìlì náà kò pé. Ọ̀pọ̀ "Linux ò ṣiṣẹ́ lórí laptop mi" tí a ń gbọ́, ISO tó já láàárín ọ̀nà ló fà á.

Flash 8GB ti tó. Rufus ni kí ẹ fi kọ ọ́, àmọ́ Rufus 4 kò ṣiṣẹ́ lórí Windows 7; 3.22 ni ẹ̀yà tó kẹ́yìn tó gbà á. Nígbà tí Rufus bá béèrè irú ọ̀nà tí ẹ fẹ́, ẹ mú DD Image. Tí Windows yẹn bá ti lọ́ra kọjá sísọ, fóònù Android pẹ̀lú okùn OTG àti áàpù EtchDroid lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ tan laptop, ẹ máa tẹ F12 nígbà tí àmì Dell bá yọ, kí ẹ mú USB. Tí installer (ohun tó ń gbé MX sórí disk) kò bá rí disk kankan nígbà tó bá yá, ẹ wọ BIOS (ibi ètò ìpilẹ̀ laptop) pẹ̀lú F2, kí ẹ lọ síbi SATA Operation, kí ẹ yí i sí AHCI. Ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ o! Tí ẹ bá tún fẹ́ fi hard disk Windows 7 padà lọ́jọ́ kan tí ẹ kò sì yí i padà sí ti tẹ́lẹ̀, Windows lè ju àwọ̀ búlúù 0x0000007B sí yín lójú.

MX á ṣí láti orí flash láìfọwọ́ kan disk. "demo" ni password tó bá béèrè. Ti root ni "root". Ẹ má tíì gbé e sórí disk. Ẹ fi bíi wákàtí kan lò ó bẹ́ẹ̀: ṣé Wi-Fi ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣé ohùn ń jáde, ṣé ó ń jí padà tí ẹ bá dé e tí ẹ tún ṣí i? Tí ojú ẹ̀ bá ṣókùnkùn nígbà tó ń ṣí, tiyín lè wà lára E6400 tó ní NVIDIA Quadro NVS 160M. Ẹ tún un tàn, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ `nomodeset` kún ìlà boot.

Tí Wi-Fi kò bá hàn, ẹ tẹ `lspci -nn | grep -i network`. Tí ó bá jẹ́ Intel, kò yẹ kó yọ yín lẹ́nu. Broadcom lè béèrè pé kí ẹ dáwúnlóòdù firmware (ètò kékeré tí Wi-Fi náà ń lò) kó tó ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi okùn USB so fóònù yín mọ́ laptop, ẹ tan USB tethering lórí fóònù náà, laptop á sì máa lo dátà fóònù lójú ẹsẹ̀ láìsí driver kankan. Ibẹ̀ lẹ ó ti gbé firmware wọlé.

Ní ti installer, ẹ gbà á láàyè láti lo gbogbo SSD, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú pínpín ẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ dúró wò dáadáa ni GRUB (ètò kékeré tó ń pe Linux nígbà tí laptop bá tàn): MBR (ìbẹ̀rẹ̀ disk) ti SSD, ìyẹn `sda` lọ́pọ̀ ìgbà, ni kí ó lọ, kì í ṣe flash. Tí ó bá ṣèèṣì lọ sórí flash, laptop á máa tàn nígbà tí flash bá wà lára ẹ̀ nìkan.

Bátìrì tòkunbọ̀ kì í gbé iná pẹ́, ẹ̀yin náà sì mọ iná wa. Ẹ ṣe é nígbà tí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter bá wà nítòsí. Tí iná bá lọ nígbà tí installer ń ṣiṣẹ́, ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ látòkè ni. Tí ó bá lọ nígbà tí ẹ ń ṣe update lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `sudo dpkg --configure -a`, lẹ́yìn ẹ̀ `sudo apt -f install`, á parí ohun tó kù.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn tó ni laptop àtijọ́ láàmú ju bó ṣe yẹ lọ: déètì. Bátìrì kékeré CR2032 tó ń bá kọ̀ǹpútà rántí aago ti máa ń kú lórí laptop ọjọ́ orí yìí. Tí ẹ bá yọ ṣájà àti bátìrì ńlá, ọdún á padà sẹ́yìn, Firefox á máa pariwo pé gbogbo ojú ìwé léwu, `apt` á sì ní àtúnṣe tí òun rí "not valid yet". Àwọn èèyàn á sọ pé Linux ti bàjẹ́. Ẹ tún aago ṣe, kí ẹ sì pààrọ̀ CR2032 náà.

Tí 2GB lẹ ṣì ń lò

Ẹ gbé antiX 23 full, 64-bit, èyí tó ń lo sysVinit. Lẹ́yìn náà ẹ fi zram kún un. Iṣẹ́ zram ni pé dípò kí ohun tó pọ̀ jù nínú RAM lọ sórí hard disk, á fún un mọ́ra nínú RAM fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ díẹ̀ ni fún processor, ṣùgbọ́n ó yára ju hard disk lọ níye ìgbà. Ẹ ṣí `/etc/rc.local` pẹ̀lú agbára root, kí ẹ fi ìlà wọ̀nyí sókè `exit 0`:

```
modprobe zram
zramctl -f -s 1G -a lz4
mkswap /dev/zram0
swapon -p 100 /dev/zram0
```

Ẹ fi lz4 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. zstd ń fún nǹkan mọ́ra jù ú lọ, àmọ́ Core 2 Duo á máa mí gúlegúle. Tí ẹ bá tún laptop tàn, `swapon --show` gbọ́dọ̀ fi zram0 hàn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ RAM tó kù, `free -h` ni. Ọ̀wọ́ "available" ni kí ẹ wò, kì í ṣe "free". Linux máa ń fi RAM tí kò sí ẹni tó ń lò ó tọ́jú fáìlì, á sì dá a padà nígbà tí ẹ bá nílò ẹ̀.

Browser, Word àti Excel

2GB ni o, 4GB ni o, ẹ fi uBlock Origin sí Firefox kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ìpolówó ọjà máa ń jẹ RAM púpọ̀ lórí ọ̀pọ̀ ojú ìwé ìròyìn. Tí ó bá tún ń lọ́ra, ẹ kọ `about:processes` síbi àdírẹ́sì, á fi ohun tí táàbù kọ̀ọ̀kan ń jẹ hàn yín, ẹ ó sì mọ èyí tí ẹ máa pa. Ní ti YouTube, ẹ fi àfikún h264ify sí i, kí ẹ má kọjá 480p. Láìsí i, YouTube á máa fi fídíò VP9 tàbí AV1 ránṣẹ́, laptop yìí kò sì ní ohun èlò tó lè bá processor tú wọn. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á máa ké, àwòrán á máa já.

LibreOffice ń ṣí .docx àti .xlsx, ẹ sì lè máa tọ́jú iṣẹ́ yín bẹ́ẹ̀ kí ẹlẹgbẹ́ yín lè ṣí i nínú Word. IF, VLOOKUP, AVERAGE àti RANK ń ṣiṣẹ́. Macro tí wọ́n fi VBA kọ lè má ṣiṣẹ́. Ohun tó ń bí àwọn olùkọ́ nínú ni pé ìbéèrè tó pé ojú ìwé méjì á di ojú ìwé mẹ́ta. Kì í ṣe pé LibreOffice bà á jẹ́, Calibri ni kò sí lórí Linux. Ẹ tẹ `sudo apt install fonts-crosextra-carlito`: Carlito ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú Calibri lẹ́tà fún lẹ́tà, ìlà á sì padà sáyè ẹ̀. Liberation Serif ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Times New Roman.

Tí ẹ bá ń tẹ ìbéèrè Yorùbá, ẹ kò nílò áàpù kankan. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Linux, lábẹ́ Nigeria:

```
setxkbmap -layout us,ng -variant ,yoruba -option grp:alt_shift_toggle
```

Alt pẹ̀lú Shift á máa gbé yín láti ti Gẹ̀ẹ́sì sí ti Yorùbá, ẹ sì lè fi í sí Settings lórí Xfce kó má baà pòórá tí ẹ bá pa laptop. Ẹ lo DejaVu Sans tàbí Noto Sans fún ìwé náà, torí àwọn fọ́ǹtì kan wà tí àmì ohùn orí ẹ́ àti ọ̀ máa ń fò kúrò lórí lẹ́tà.

Ti JAMB

Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè ní kí ẹ má kánjú kúrò lórí Windows. Ọ̀pọ̀ sọ́fútíwia ìdánrawò CBT, .exe ti Windows ni. Wine (ètò tó ń ṣí áàpù Windows lórí Linux) lè ṣí díẹ̀ nínú wọn lórí 4GB, kò sì sí ẹni tó lè ṣèlérí èyí tó máa ṣiṣẹ́ láìdán an wò. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ẹni tó ṣe èyí tí ẹ ń lò ní ti Android, torí fóònù àwọn ọmọ náà á gbà á. Tí kò bá sí, ẹ má fọ́ hard disk 160GB yẹn. Ẹ jẹ́ kí Windows 7 wà lórí ẹ̀, kí ẹ tún un fi sínú laptop ní àsìkò ìdánrawò nìkan, kí SATA Operation padà sí ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, kí Wi-Fi sì wà ní pípa, torí láti January 2020 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 7 ti parí. Láwọn ọjọ́ tó kù, ẹ fi hard disk náà sínú àpótí USB fún SATA 2.5 inch; MX á ṣí i bíi flash lásán, ẹ ó sì rí gbogbo ìbéèrè ọdún tó kọjá nínú ẹ̀.